Ẹyẹ Olóríwúrà Kì í Fi Ohùn Kan Kọrin

Bí ìbínú bá lè se omi, ilé ìwòsàn yẹn ì bá má ra sítóòfù rárá. Wọn ì bá kàn gbé kẹ́tùlù lé Ata Wẹẹrẹ lórí, kí wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì padà wá po tíì. Òun ni olùtọ́jú ọgbà wọn, ọkùnrin kúkúrú, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ní apá kan ju apá kejì lọ, bí ẹni pé ibi tó máa ń yọ sí tó bá ń bínú ló tètè hu ewú. Àwọn awakọ̀ ilé ìwòsàn ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Orúkọ náà sì bá a mu débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, bó bá ti rí i pé kò sí nítòsí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń ti bárò rẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, ló bá rí i pé ẹnì kan ti so aṣọ pupa mọ́ àwọn igi inú igbó kékeré tó wà níbẹ̀. Aṣọ pupa lára igi, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní nínú ọgbà yẹn: wọ́n fẹ́ gé e. Ata Wẹẹrẹ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó já aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà wọ́n sínú bárò pẹ̀lú ewé gbígbẹ tó ti wà níbẹ̀, ó ti bárò náà wọ inú ilé, ó tì í gba ẹ̀gbẹ́ àwọn aláìsàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì Ọ̀gá Iṣẹ́. Ọ̀kùn kan wà nínú ewé náà. Ọ̀kùn yẹn dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó sì dorí kọ ife tíì ọ̀gá bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Ọ̀gá Iṣẹ́ ló ń mójú tó ilé, omi, iná àti ọ̀nà nínú ilé ìwòsàn náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn tó ń wá kí aláìsàn kò ríbi gbé ọkọ̀ sí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbé aláìlera gbà ni wọ́n ń dí pa. Igbó tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ nìkan ló rí tó ṣófo lójú tirẹ̀. Ó fi bébà gbé ọ̀kùn náà sọ gba ojú fèrèsé, ó wá sọ fún Ata Wẹẹrẹ pẹ̀lú sùúrù pé ẹ̀fọn àti ejò nìkan ló ń gbé inú igbó yẹn.

Ata Wẹẹrẹ ní ẹyẹ kan ń gbé ibẹ̀. Ọ̀gá ní ẹyẹ wo? Ó ní látìgbà tí òun ti dé ibi iṣẹ́ yìí, òun kò fojú rí ẹyẹ kankan níbẹ̀ rí. Ó ní ohun tí òun máa ń gbọ́ tó ń ké níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Ọ̀pọ̀lọ́ kẹ̀? Wọ́n ní ariwo tó tẹnu Ata Wẹẹrẹ jáde lọ́jọ́ náà, aláìsàn kan tí kò tíì lè jókòó láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé dìde jókòó.

Ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, baba tó bí Ata Wẹẹrẹ ló sọ ọ́ ní Olóríwúrà. Ó kéré sí àdàbà, ó sì ju ológoṣẹ́ lọ dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀, apá rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ṣùgbọ́n bó bá kọjú sí ọ, láti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ dé ikùn, pupa ni, pupa tí kò lábùlà, bí ẹni tó wọ kóòtù dúdú, tó wá ṣí bọ́tìnnì rẹ̀ kí ayé lè rí ẹ̀wù inú. Lórí gbogbo rẹ̀ ni fìlà wúrà wà, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó lọ títí dé ìpàkọ́. Àgógó rẹ̀ dúdú, ó le, ó sì tẹ̀ kọrọdọ níwájú bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja, nítorí kòkòrò ló ń fà já, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkà.

Ibi tí Ata Wẹẹrẹ ti máa ń bínú jù nìyí. Ẹyẹ pupa kékeré kan wà tó máa ń bà lórí koríko gíga, tóun náà pupa, tóun náà dúdú. Èèyàn á rí ìyẹn, á sáré wá sọ fún un pé òun ti rí Olóríwúrà. Á sì gbọ́ èsì. Ata Wẹẹrẹ á bi í pé ṣé ó rí wúrà lórí rẹ̀. Ṣé àgógó rẹ̀ tẹ̀ ni àbí ó kúrú kìjikìji bí ti ẹyẹ tó ń ṣa ọkà? Ṣé ìta gbangba ló bà sí? Olóríwúrà kì í jókòó sí gbangba. Abẹ́ ewé ló ń gbé, nísàlẹ̀, níbi tó dí jù, o sì lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀ fún odidi ọdún kó má jẹ́ kí o rí ju ìrù lọ.

Ohùn rẹ̀ gan-an ni àmì tó dájú jù lọ. Ọ̀kan á súfèé, tìóò-líò, ó dùn bí ohùn fèrè. Kí súfèé náà tó délẹ̀, ẹnì kan á ti gbà á: kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́, gbígbẹ, bí ẹni ń fi ìka ya ìlarun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á búra pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni. Akọ àti abo ni. Wọ́n mọ àsìkò ara wọn débi pé abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín ohùn méjèèjì kọjá. Aṣọ kan náà sì ni wọ́n wọ̀, tí wọ́n bá dúró tira, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọkọ rèé, ìyàwó rèé.

Baba Ata Wẹẹrẹ ló tọ́jú ọgbà náà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní kékeré, baba yìí ló kọ́ àwọn méjèèjì ní ohùn ẹyẹ náà. Bọ̀ọ̀dá ń fi ètè súfèé, àbúrò ń fi ahọ́n na òkè ẹnu ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Wọn a rọra pe ẹyẹ náà, jẹ́jẹ́, baba á ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún pè. Nígbà míì oòrùn á ti ta wọ́n lórí kí ẹyẹ tó yọ imú, àmọ́ á yọ ọ́. Àwọn aláìsàn tí ara wọn ti ń yá máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfọṣọ láti wò ó.

Kí ló wá dé tí Ata Wẹẹrẹ kò kàn pe àbúrò rẹ̀ kí wọ́n jọ fi ẹyẹ han Ọ̀gá Iṣẹ́? Àbúrò rẹ̀ kò ṣáà lọ ibì kankan. Inú ilé ìfọṣọ yẹn gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí igbó náà. Ìjà ló wà ńlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin baba wọn, tí oníkálukú ń sọ ohun tó rántí nípa olóògbé, àbúrò dìde láàárín àna àti ọ̀rẹ́, ó ní, “Bàbá kọ́ mi kó tó kọ́ Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo máa ń pe ẹyẹ yẹn. Bọ̀ọ̀dá á wá máa súfèé tẹ̀ lé mi.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ata Wẹẹrẹ dìde, ó sì gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n ni òun! Ẹ̀gbọ́n ló ń pè, àbúrò ló ń dáhùn. Níbo ni wọ́n ti ń rí i kí ẹ̀gbọ́n máa tẹ̀ lé àbúrò lẹ́yìn nínú orin? Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pàdé ní ọ̀nà tóóró, ẹnu ẹni kẹta ni wọ́n ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Ata Wẹẹrẹ á ní, “Awakọ̀, bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ pé ó kú àárọ̀.” Àbúrò á ní, “Awakọ̀, sọ fún un pé mo gbọ́, etí mi ò dí.” Awakọ̀ á sì jẹ́ iṣẹ́ náà tọ̀tún tòsì, nígbà tí àwọn méjèèjì kò jìnnà síra ju gígùn bárò kan lọ.

Ọ̀rọ̀ igbó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Àgbà, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, tí gbogbo ilé ìwòsàn sì ń bẹ̀rù ohùn kékeré rẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ ti Ọ̀gá Iṣẹ́, ó gbọ́ ti Ata Wẹẹrẹ, èyí tó gba àkókò. Ó ní òun náà ti ń gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ láti ọjọ́ tóun ti dé, ó sì máa ń wu òun kóun mọ ohun tó jẹ́. Ó ní láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kóun tó lọ yẹ àwọn aláìsàn wò, òun á dúró níwájú igbó. Bí òun bá fi ojú ara òun rí ẹyẹ náà, igbó wà níbẹ̀. Bí òun kò bá rí i, kí àwọn agégi máa bọ̀ lọ́sàn-án.

Ata Wẹẹrẹ dúpẹ́, ó sì bínú jáde. Gbogbo ewéko inú ọgbà yẹn ló ti fi àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀ gé bí wọ́n ṣe ní kó gé e. Àwọn òdòdó iwájú ilé rí bí páálí ọṣẹ, àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí bí ife. Igbó kékeré yẹn nìkan ni baba rẹ̀ kò gé rí, tí òun náà kò sì gé rí. Òun nìkan ló ń hù bó ṣe wù ú. Wọ́n sì fẹ́ da kọnkéré lé e.

Ó gbìyànjú láti dá a ṣe. Ó lọ ságbègbè igbó, ó súfèé, ó sì sáré fi ahọ́n na òkè ẹnu láti dá ara rẹ̀ lóhùn. Itọ́ gbà á lọ́nà ọ̀fun, ó wúkọ́ títí nọ́ọ̀sì fi yọjú. Ó pe awakọ̀, ó kọ́ ọ ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Awakọ̀ ṣe tirẹ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde dà bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Nínú igbó, ẹyẹ dákẹ́ lọ gbári. Ata Wẹẹrẹ ní kí awakọ̀ máa lọ wa ọkọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ ní, “Bàbá, àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ lọ bá ẹni tẹ́ ẹ máa ń ní kí n kí.” Ata Wẹẹrẹ júwe ilé baba tó bí awakọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀.

Ooru omi gbígbóná kún ilé ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ńlá méjì ń yí, wọ́n ń dún bí ẹni tí inú ń run. Àbúrò rẹ̀ wà nídìí tábìlì gígùn, apá rẹ̀ le bí apá alágbẹ̀dẹ, ó ń gbìyànjú láti ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì fífẹ̀ kan. Aṣọ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni kan. Ata Wẹẹrẹ kò tíì ronú tí ọwọ́ rẹ̀ fi ti di etí kejì mú. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ: wọn a fà á le, wọn a rìn pàdé ara wọn títí imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, wọn a fi etí kan etí, wọn a tún sún sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n pàdé. Ó ní wọ́n fẹ́ gé igbó bàbá. Àbúrò ní òun ti gbọ́, ojú fèrèsé òun ni wọ́n ti so aṣọ pupa. Wọ́n sún sẹ́yìn.

Wọ́n pàdé. Ó ní kó wá dáhùn fún òun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àbúrò tún ọ̀rọ̀ náà sọ: “Dáhùn?”

Aṣọ ti kéré lọ́wọ́ wọn báyìí, ibi tí wọ́n lè sún dé kò tó nǹkan mọ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo máa wá. Àmọ́ ẹ máa sọ ọ́ lójú Dókítà pé èmi ni mò ń pè, ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ lé mi. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Kí n purọ́ mọ́ òkú?”

“Òkú ta ni? Bàbá tèmi náà ni. Lọ́jọ́ tó kọ́ mi, ẹ̀yin wà níbi tẹ́ ẹ ti ń sunkún pé bàtà ń ta yín lẹ́sẹ̀.”

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ata Wẹẹrẹ jọ̀wọ́ etí aṣọ náà. Aṣọ funfun tí wọ́n ti fọ̀, tó ti gbẹ, tí wọ́n ti lọ̀, ṣubú sórí ilẹ̀ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ. Àbúrò wo aṣọ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin lẹ máa fọ̀ ọ́.” Ata Wẹẹrẹ ti jáde.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìrì wà lórí koríko. Dókítà Àgbà dé, Ọ̀gá Iṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń gbé bàtà rẹ̀ sókè bí adìyẹ nínú ẹrọ̀fọ̀. Awakọ̀ dúró lẹ́yìn wọn bí ẹni tí kò bá wọn wá. Ata Wẹẹrẹ kọjú sí igbó, ó fi ahọ́n ra ètè, ó sì súfèé jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Tìóò-líò.

Inú igbó dá a lóhùn. Súfèé àti kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, papọ̀, ó mọ́ gaara. Ewé kan kò mì. Ó tún pè, wọ́n tún dáhùn láti ibi tí wọ́n wà, bí aládùúgbò tó ń dá ni lóhùn láti orí ibùsùn. Dókítà na ọrùn síhìn-ín, ó na ọrùn sọ́hùn-ún. Ata Wẹẹrẹ pè títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Ọ̀gá Iṣẹ́ ní, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, pé ohùn ọ̀pọ̀lọ́ yìí dùn o. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn. KẸ́RẸ́KẸ́RẸ́KẸ́! Ó gbóná, ó le, bí òkúta tí wọ́n dà sórí páànù. Àbúrò ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọṣọ, ó gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí yẹn lé èjìká. Kò sẹ́ni tó pè é tó fi ń dáhùn. Òun ló bẹ̀rẹ̀.

Ara Ata Wẹẹrẹ gbóná dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Lójú Dókítà? Ó yíjú kúrò lára igbó, ó kọjú sí i, ó sì ju súfèé lù ú bí ẹni ju kùmọ̀. Kí súfèé náà tó délẹ̀, àbúrò ti gbà á. Kò tíì ṣe tán tí ẹ̀gbọ́n tún fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ jẹ́jẹ́ tí baba kọ́ wọn, dákẹ́, dúró, tún pè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣe ni wọ́n ń súnmọ́ra wọn, tí ojú àwọn méjèèjì pọ́n, tí kò sẹ́ni tó rántí ẹyẹ mọ́.

Ẹyẹ rántí ara rẹ̀. Ó jáde bí ọta ìbọn. Ó bà sórí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó yọ síta gbangba, níbi tí kò bà sí rí lójú ẹnikẹ́ni, ó na àyà pupa rẹ̀ síwájú, ó gbé ìrù, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn. Èkejì rẹ̀ bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kíá. Lójú tiwọn, tọkọtaya àjèjì kan ló wá gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ń kí wọn jẹ́jẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ jáde wá ṣe fún un? Ẹni tó bá gbé ìjà wá sójúde wọn ni wọ́n ń yọjú sí.

Ọ̀gá Iṣẹ́ ní ṣé kì í ṣe ẹyẹ pupa inú koríko yẹn nìyí. Dókítà Àgbà kò mú ojú kúrò lára ẹyẹ. Ó ní, “Wo àgógó rẹ̀ bó ṣe tẹ̀. Wo orí rẹ̀. Wúrà ni.” Ó tún wò ó, ó ní, “Méjì ni wọ́n. Mo ti ń rò pé ọ̀kan ni.”

Ata Wẹẹrẹ kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀fun àwọn ẹyẹ náà. Ó fẹ́ rí èyí tó ń kọ́kọ́ la ẹnu, kó lè fi ṣe ẹ̀rí mú àbúrò rẹ̀. Ó rí i pé èyí tó wà lápá ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fò pààrọ̀ àyè. Ó tún rí i pé èyí tó wà lápá ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ṣé òun ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Dúdú kan náà, pupa kan náà, fìlà kan náà. Ó ṣẹ́jú, wọ́n ti wọlé.

Igbó kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi dúró sí, nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, aṣọ pupa ti wà lára àwọn òdòdó iwájú ilé, àwọn tó rí bí páálí ọṣẹ. Ata Wẹẹrẹ tún fẹ́ ti bárò lọ sọ́fíìsì. Ó dúró, ó wò wọ́n, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú Ọ̀gá Iṣẹ́ bó ṣe ń hú wọn, àmọ́ ó hú wọn.

Nígbà tó padà sẹ́yìn, ó bá aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn lórí irinṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀, ìdọ̀tí nìkan ni. Ó fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi tó fi ń wọ́n òdòdó, ó ń kùn bí ìkòkò tó ń hó. Ó sá a sórí okùn. Nígbà tó gbẹ lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú láti dá a ká, afẹ́fẹ́ gbé e bò ó lójú, ó ń ta kìjí nínú rẹ̀ bí ẹja nínú àwọ̀n. Ẹnì kan fa etí kejì le.

Wọ́n pàdé. Ata Wẹẹrẹ ní, “Èmi ni mò ń pè o. Kó yé ọ.”

Àbúrò gba etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kan tirẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò fọ apá ibí yìí mọ́.”

Ó la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n tìóò-líò dún nínú igbó, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dúró pẹ̀lú aṣọ náà láàárín wọn, olúkúlùkù ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.